Òdo inú ìwé àyẹ̀wò: ìdáhùn sí oníbúrẹ́dì kan ní Agége

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà mà. Ọmọ ọdún 38 ni mí. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Agége láti ọdún 14 sẹ́yìn, ìdí ààrò gan-an ni mo máa ń wà. Ó ti pé ọdún 6 tí mo ti gbéyàwó, a ò tíì rí ọmọ. Ìyàwó mi ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ní kó ṣe, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Oṣù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti ṣe tèmi, òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nǹkan ọkùnrin mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé ooru ààrò ló fà á? Mo ní àtọ̀sí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 22, mo sì lo oògùn. Lẹ́yìn àyẹ̀wò yẹn, ọ̀rẹ́ mi kan ní jíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní abẹ́rẹ́ testosterone, ó ní á jí i. Mo ti gba mẹ́ta. Ìyá mi ní kí n fẹ́ ìyàwó míì. Kí ni kí n ṣe?"

Arákùnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ má gba abẹ́rẹ́ testosterone, họ́mónù ọkùnrin yẹn, kẹrin. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn kò ṣeé fi dọ̀la.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ òdo yẹn wò, ìyẹn ni pé wọn kò rí irúgbìn, sẹ́ẹ̀lì tó ń bá ẹyin obìnrin di ọmọ, kankan nínú àtọ̀ yín. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ẹran ara àti omi ara lábẹ́ maikirosikóòpù, mo sì mọ̀ pé òdo tí wọ́n kọ sínú ìwé lè má jẹ́ òdo. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, èmi náà buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán kan ni mo kán sórí gíláàsì, mo wò ó títí, n kò rí nǹkan kan, mo kọ òdo. Ọ̀gá mi bi mí pé ìyókù inú ike náà ńkọ́. Ó bu ú sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bírí kí ohun tó wúwo lè rọ̀ sísàlẹ̀, ó yí i fún ìṣẹ́jú 15, ó da omi òkè nù, ó ní kí n wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù. Irúgbìn mẹ́ta ni mo rí. Ọ̀kan ń ju ìrù rẹ̀. Ìwé tí mo buwọ́ lù ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín kí a tó rí i, ọjọ́ kejì ni mo tó bá a sọ̀rọ̀. Ojú ọkùnrin yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òdo àti mẹ́ta pọ̀ gan-an, torí irúgbìn kan ṣoṣo ni ẹyin kan nílò.

Nítorí náà, ẹ tún un ṣe, lọ́sẹ̀ yìí tó bá ṣeé ṣe, kí abẹ́rẹ́ tí ẹ ti gbà tó ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ tán. Ẹ bi wọ́n ní láàbù pé, "Ṣé ẹ máa yí i nínú ẹ̀rọ kí ẹ tó kọ òdo?" Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe àrífín. Ẹ ta kété sí ìyàwó yín fún ọjọ́ 2 ó kéré tán, kó má sì ju ọjọ́ 7 lọ. Ẹ má fi kọ́ńdọ̀mù gbà á, nítorí ohun tí wọ́n fi pa púpọ̀ nínú wọn lára lè pa irúgbìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ dànù, ibẹ̀ ni irúgbìn máa ń pọ̀ sí jù. Ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí kan; ẹ sì mọ bí súnkẹrẹ fàkẹrẹ ṣe ń rí láti Agége dé Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn LUTH wà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Inú yàrá tí wọ́n bá pèsè ní láàbù ni kí ẹ ti gbà á, ẹ má gbé e látilé.

Ẹ kọ ọ́ sí mi pé nǹkan ọkùnrin yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo gbà yín gbọ́. Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni irúgbìn. Èdè wa fúnra rẹ̀ dá kún ìṣòro yìí. A ní àgàn fún obìnrin, a ní akúra fún ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ kò le. Ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ le, tí àtọ̀ rẹ̀ ń jáde, tí irúgbìn kò sì sí nínú rẹ̀, a ò ní orúkọ tó gbajúmọ̀ tí à ń pè é. Ẹni tí kò lórúkọ, bí wọ́n bá pè, obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń dáhùn. Bẹ́ẹ̀ irúgbìn kò ju nǹkan bí 5 nínú 100 àtọ̀ lọ. Inú àpò omi méjì tó wà lẹ́yìn àpò ìtọ̀ ni púpọ̀ jù nínú ìyókù ti ń wá, kókó tí wọ́n ń pè ní prostate ló sì ń fi tirẹ̀ kún un. Bó nípọn ni o, bó ṣàn bí omi ni o, kò sí ojú lásán tó lè wò ó kó mọ̀ bóyá ọmọ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ta àgbo fún "àtọ̀ tó ṣàn" níbùdókọ̀ kò rí ohun tí wọ́n ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú kórópọ̀n fúnra rẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí òdo túmọ̀ sí.

Ọ̀nà tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ ló kún inú rẹ̀, wọ́n ká mọ́ra wọn. Tí wọ́n bá gé ẹyọ kékeré kan níbẹ̀, tí a bẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a rẹ ẹ́ láró, àwọn òwú yẹn á hàn lábẹ́ maikirosikóòpù ní rogodo rogodo, bí òrùka tí wọ́n tò sórí àtẹ. Lẹ́bàá ògiri òrùka kọ̀ọ̀kan ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá jókòó sí. Wọ́n ń pín, àwọn ọmọ wọn ń sún wá sí àárín. Bí wọ́n ṣe ń sún ni wọ́n ń yí padà: sẹ́ẹ̀lì tó ní krómósóòmù (okùn tó gbé àbùdá) 46 á pín ara rẹ̀ títí yóò fi ku 23, orí rẹ̀ á sún kì, á hu ìrù, á da púpọ̀ nínú ẹrù ara rẹ̀ nù kó lè fúyẹ́. Nǹkan bí ọjọ́ 74 ni gbogbo èyí ń gbà. Lẹ́yìn náà ló máa wá rin ọ̀nà kan tó lọ́ lẹ́yìn kórópọ̀n, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 6 bí wọ́n bá tú u. Inú ọ̀nà yẹn ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Irúgbìn tó bá jáde lónìí, ó ti lé ní oṣù méjì tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì méjì mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọ̀kan ga láti ògiri òrùka dé àárín, ó na apá mọ́ àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn, òun ló ń bọ́ wọn, òun ló ń ṣọ́ wọn. Enrico Sertoli, ará Ítálì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1865, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pè é, ṣùgbọ́n alágbàtọ́ ni èmi máa ń pè é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ìkejì wà láàárín òrùka kan sí èkejì. Franz Leydig, ará Jámánì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1850. Òun ló ń ṣe testosterone.

Nínú ọkùnrin tí ara rẹ̀ pé, òrùka kọ̀ọ̀kan máa ń kún fọ́fọ́ bí ilé àríyá lọ́jọ́ Sátidé. Nínú ẹran ara àwọn tí ìwé wọn ń sọ òdo, oríṣiríṣi ni ohun tí mo ń rí. Nígbà mìíràn, òrùka kún dáadáa, orí kéékèèké tó ti hu ìrù wà láàárín wọn. Inú mi máa ń dùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì ti jinná, ọkọ̀ tó máa gbé e ni kò rọ́nà jáde. Nígbà mìíràn, èrò kún ìdí ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrìn, gbogbo wọn sì dúró sójú kan náà, kò sí èyí tó hu ìrù; ó dà bí ìyẹ̀fun tí ẹ pò tí kò wú, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìṣòro irú èyí máa ń wà nínú ohun tí wọ́n fi pò ó. Ìgbà mìíràn ni alágbàtọ́ nìkan tò yí òrùka ká, tí ọmọ kankan kò sí lọ́wọ́ wọn. Ọdún 1947 ni Del Castillo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ajẹntínà ti kọ nípa irú rẹ̀. Èyí tó máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni kí òrùka ti di àpá, kó le, kó funfun, kí sẹ́ẹ̀lì Leydig nìkan ṣù jọ sáàárín wọn. Ọ̀pọ̀ irú èyí jẹ́ ti ọkùnrin tí wọ́n bí pẹ̀lú krómósóòmù X méjì àti Y kan, tí kò sì mọ̀. Ó tó ọkùnrin 1 nínú nǹkan bí 600 tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi ṣe wọ́n.

Àwòrán wọ̀nyí kì í sì í fìgbà gbogbo jọra káàkiri kórópọ̀n kan náà. Mo ti rí òrùka kan tó kún láàárín mẹ́wàá tó ṣófo. Ẹ rántí gbólóhùn yìí, mo máa padà sí i.

Gbogbo ìbéèrè yín wá sinmi lórí ohun kan: ṣé ọ̀nà ló dí ni, àbí ilé iṣẹ́ ni kò ṣe? Ìwé tó kọ òdo kò sọ èyí fún yín. Ó kàn sọ pé ọjà kò dé ọjà.

Àtọ̀sí tí ẹ ní lọ́mọ ọdún 22 ni mo kọ́kọ́ fura sí. Kòkòrò rẹ̀, àti ti chlamydia, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn tó sábà máa ń bá a rìn láìpariwo, lè gòkè dé ọ̀nà mítà 6 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ á wú, á gbóná, nígbà tó bá sì san, á fi àpá dí ihò tó tín-ín-rín gan-an. Ṣé àpò kórópọ̀n yín wú nígbà yẹn, tó ń dùn yín débi pé ẹ ò lè rìn tààrà? Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ni àbí méjèèjì? Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ dí kó tó di òdo. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà tí ẹ bá lọ bá, kódà bí ìyàwó yín bá wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún un bákan náà bí ẹ bá ṣe ṣégede lẹ́yìn tí ẹ ti bàlágà, bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún yín rí, tàbí bí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ìyá yín pé kórópọ̀n kan pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé.

Ní ti ààrò: ìbéèrè yín mọ́gbọ́n dání. Ìdí tí Ọlọ́run fi gbé kórópọ̀n sóde ni pé ó gbọ́dọ̀ tutù ju inú ara lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n 2 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ìrìn wọn, àwọn tó ń múra àtipín krómósóòmù wọn sí méjì, ni ooru ń tètè pa. Ẹni tó bá dúró síwájú iná láti aago mẹ́rin ìdájí títí di ọ̀sán, irúgbìn rẹ̀ lè dín kù. Ṣùgbọ́n dídín kù yàtọ̀ sí òdo. Bí ooru nìkan bá ni, a sábà máa ń rí díẹ̀, tó rọ, tí kò lè lúwẹ̀ẹ́, wọ́n sì máa ń bọ̀ sípò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹni náà bá kúrò nídìí iná. N kò rò pé ààrò yín ló kọ òdo yẹn. Síbẹ̀, bí ọ̀gá yín bá lè gbé yín lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gé ìyẹ̀fun tàbí ibi tí wọ́n ti ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá fún oṣù díẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bá wú lókè kórópọ̀n, lápá òsì lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án tó rí bí ìfun adìẹ lábẹ́ awọ: ó wọ́pọ̀, ó ń dín irúgbìn kù, a sì lè ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni òun nìkan á fi sọ ọ́ di òdo.

Abẹ́rẹ́ wá kàn. Kókó kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, kò ju horo ẹ̀wà kan lọ. Ó ń rán họ́mónù méjì sí kórópọ̀n: LH, tó ń bá sẹ́ẹ̀lì Leydig sọ̀rọ̀ pé kí ó ṣe testosterone, àti FSH, tó ń bá alágbàtọ́ sọ̀rọ̀. Testosterone tí irúgbìn nílò láti dàgbà kì í ṣe èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Inú kórópọ̀n ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì pọ̀ níbẹ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Nígbà tí ọ̀rẹ́ yín bá gún yín lábẹ́rẹ́, kókó abẹ́ ọpọlọ rí i pé testosterone ti kún inú ẹ̀jẹ̀, ó gbà pé iṣẹ́ ti parí, ó dákẹ́. LH dákẹ́, FSH dákẹ́, sẹ́ẹ̀lì Leydig jókòó. Apá yín á le, ara yín á yá gágá, kórópọ̀n yín á sì máa sún kì, á máa gbẹ nínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti dán abẹ́rẹ́ testosterone wò rí gẹ́gẹ́ bí ohun tí ọkùnrin lè fi fètò sí ọmọ bíbí, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1990. Ohun tí wọ́n ń gún fún yín kí ẹ lè bímọ ni wọ́n dán wò kí ọkùnrin má bàa fún obìnrin lóyún. Inú mi bà jẹ́ nígbà tí mo kà á nínú lẹ́tà yín, torí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Lọ́dọọdún ni mo ń rí wọn.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé lẹ́yìn àyẹ̀wò ni ẹ bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ kọ́ ló fa òdo àkọ́kọ́. Mẹ́ta kò tíì pọ̀ jù, ara yín á dìde. Ṣùgbọ́n ó ti da omi rú fún àyẹ̀wò tó kàn, èyí sì ni àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù: ìwọ̀n FSH inú ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ilé iṣẹ́ kò bá ṣe, ọpọlọ máa ń pariwo mọ́ ọn, FSH á ga, kórópọ̀n á sì kéré. Bí FSH bá wà níwọ̀n, tí kórópọ̀n tóbi dáadáa, ọ̀nà ló ṣeé ṣe kó dí, àfi díẹ̀ nínú àwọn tí ìrìn sẹ́ẹ̀lì wọn dúró lójú ọ̀nà, àwọn yẹn lè tan dókítà jẹ. Ní báyìí, abẹ́rẹ́ lè ti bo ariwo ọpọlọ yín mọ́lẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ gba mẹ́ta, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ gbà wọ́n, òun ló máa sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yín. Wọ́n lè fọwọ́ wọn kórópọ̀n yín lónìí, kò sí abẹ́rẹ́ tó dí ìyẹn lọ́wọ́.

Dókítà tó ń tọ́jú ọ̀nà ìtọ̀ àti ẹ̀yà ìbímọ ọkùnrin ni kí ẹ rí, ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn yín. Mo mọ̀ pé ojú ń ti ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ní 1972, Niels Skakkebaek ní Dẹ́nímáàkì rí ìbẹ̀rẹ̀ jẹjẹrẹ nínú ẹran kórópọ̀n àwọn ọkùnrin tó jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n wá lọ sílé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, síbẹ̀ ìka ọwọ́ tó mọṣẹ́ lè bá kókó tí ẹ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ pàdé. Bí ó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ni kò ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ krómósóòmù yín wò, pàápàá ti Y. Bí apá tí wọ́n ń pè ní AZFa tàbí AZFb bá já dànù pátápátá, wọn kì í sábà rí irúgbìn kankan, kò sì yẹ kí ẹ náwó sí iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá jẹ́ AZFc, ó ṣì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ẹ bá bí á jogún rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí wọ́n. Ó dára kéèyàn náwó síbẹ̀ ju kó ná an sórí àgbo àti abẹ́rẹ́ lọ.

Bí ọ̀nà bá sì ni, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa irúgbìn láti ẹ̀yìn ìdènà, wọ́n sì máa ń rí i fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Bí ilé iṣẹ́ ni, ẹ rántí òrùka kan tó kún láàárín mẹ́wàá tó ṣófo. Iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n fi maikirosikóòpù wá irú òrùka bẹ́ẹ̀ kiri inú kórópọ̀n, wọ́n sì ń rí irúgbìn fún nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Láti 1992 tí Palermo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels ti kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń gún irúgbìn kan ṣoṣo sínú ẹyin kan, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ìwé wọn kọ òdo ti di bàbá. Iṣẹ́ yìí kò sì jìnnà sí yín. Láti àwọn ọdún 1980 ni Osato Giwa-Osagie àti Oladapo Ashiru ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọmọ inú ìgò ní Ìdí-Àràbà.

Ọ̀rọ̀ ìyá yín ló kù. Ìyàwó kejì á bá òdo kan náà pàdé nínú yàrá, á sì di obìnrin méjì tí wọ́n ń pè ní àgàn dípò ẹnì kan. Ìyàwó yín ti jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ fún ọdún 6. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún ìyá yín, kì í ṣe ìyàwó yín, kì í ṣe èmi. Ẹ kúnlẹ̀ tì í, ẹ ní, "Ìyá mi, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti rí i, mo sì ti ń tọ́jú ara mi." Mo mọ̀ pé ó le, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìgbà tí ìtọ́jú bá parí kí ẹ tó sọ ọ́.

Ẹ kò kọ ọjọ́ orí ìyàwó yín sí mi, bẹ́ẹ̀ òun ló máa sọ bí a ṣe gbọ́dọ̀ yára tó, torí ẹyin obìnrin ń dín kù lọ́dọọdún, ó sì ń yá sí i lẹ́yìn ọdún 35. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ wo òkè ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn náà, ẹ máa rí iye omi tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní mílílítà. Bó bá kéré sí 1.4, ìdènà lè wà nítòsí prostate, tàbí kí ọ̀nà irúgbìn má sí níbẹ̀ rárá láti inú oyún. Bó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ àtọ̀sí tí ẹ ní lọ́mọ ọdún 22 yẹn á túbọ̀ wúwo lójú mi. Ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.